Ilé Bulọ́ọ̀kù Wa àti Ilé Imọ̀ Àwọn Kéta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìfaradà omi tí kò jẹ́ kí ẹ sùn dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti etíkun Àgbádárìgì níbí. Màmá, ẹ kú àtijọ́. Mo gbọ́ pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ má fi òróró pa á nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ síbi tí dókítà wà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ tó ń tọ́jú yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i. Mo kí gbogbo ará ìjọ tó ṣì kù lórí ilẹ̀ Ìlàjẹ lọ́hùn-ún. Ọkọ mi, Bàbá Fẹ́mi, ní kí n kí yín. Àwọn ọmọ náà ní kí n bá àwọn kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti máa rí lẹ́tà yìí. Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ohùn dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹkún ń gbà á lẹ́nu mi, mi ò sì fẹ́ kí Màmá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń bá àwọn oníwèé ìròyìn ṣiṣẹ́ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé òun á bá mi gbé e fún wọn. Mo rò ó, mo rí i pé kò burú. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ kan létíkun wa níbí tí baba rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ kò máa béèrè bákan náà láti ilé. Bí ẹnì kan bá ka tèmi sí baba tirẹ̀ létí, ó ti gbà wá ní wàhálà.

Ẹ ní òkun ti gbé ojúlé Bàbá Àgbà lọ. Ẹ ní ó ti gbé ọ̀nà ilé ìwé, ó sì ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná Màmá. Ẹ ní ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yín àti ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀, pé bí ẹ bá ti tà á tán, ẹ ó kó Màmá dání, ẹ ó sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá fi kún un pé ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ilé imọ̀ àgbọn bí àwọn Kéta, àwọn apẹja ará Gáná, pé ọmọ tiyín ní ilé bulọ́ọ̀kù lójú òkun. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ sọ ìyẹn. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà dáadáa, òun gan-an ló jẹ́ kí n wá bébà àti bírò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ara wa ṣe rí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, àmọ́ kì í ṣe òjò tó ń mú ẹja wá. Ooru wà lábẹ́ rẹ̀. Koríko òkun kan wà tí a kì í rí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, ó pupa bí irin tó ti dípẹtà. Òun ló ń wọ́ wá sí etí omi báyìí. Bó bá jẹrà tán, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, a ó sì máa jẹun pẹ̀lú imú dídì. Bí wọ́n bá da àwọ̀n sómi, koríko yìí ni yóò kọ́kọ́ kún un.

Iṣẹ́ mi kò yí padà, ẹja ni mo ṣì ń yan. Ṣùgbọ́n ààrò ńlá tí èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò sá aṣọ nígbà kan, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí. Àjárà ni mo ti ń lọ ra ẹja inú yìnyín, ẹja tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Èmi ọmọ apẹja, ìyàwó apẹja, tí mo ń gbọ́ ariwo òkun látorí ẹní mi, mo ń fi ọ̀kadà gbé ẹja wọ etíkun. Mo ń yan án, mo sì ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Gbájì kí àwọn tó ń lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lè rí i rà. Obìnrin kan láti Kútọnu tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé inú òkun wa níbí ni ẹja yìí ti wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn Kéta, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣì yín lójú.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wá síbi ìsọmọlórúkọ Fẹ́mi. Ẹ jókòó síwájú ilé wa, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ ń wo apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, níbi tí àwọn Kéta tẹ̀dó sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ baba ọkọ mi pé ṣé ọkọ̀ tó gbé àwọn baba wọn wá láti Gáná rì sínú omi pẹ̀lú owó wọn ni, tí wọn ò fi lè kọ́lé títí di òní. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Baba ọkọ mi ní àwọn èèyàn náà ti dé kí baba tòun tó ti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá, pé ìran àlejò kan náà ni wá lórí iyanrìn yìí, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń fi ẹni hàn.

Bẹ́ẹ̀ ló sì jọ lójú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ ó rí ilé bulọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, páànù tó ń dán, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lẹ táìsì sí dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, imọ̀ àgbọn ni ògiri, imọ̀ ni òrùlé, iyanrìn tí wọ́n ń gbá láràárọ̀ sì ni ilẹ̀ ilé. Àwọn ọmọ wa a máa fi tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé pé bí ebi bá pa ewúrẹ́, kí wọ́n lọ sùn síta. Àwọn ọmọ Kéta á máa bá eré wọn lọ. Wọ́n ti mọ̀ wá tán.

Ọ̀nà tí a ń gbà pẹja ló fà á. Ọkùnrin Ìlàjẹ ní ọkọ̀ tirẹ̀, àwọ̀n tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ó lọ sójú òkun láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ owó ti wọ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Owó tó ń wọlé lójoojúmọ́ kì í pẹ́ fojú hàn, torí bí a bá ti rí i la ti ń fi ra bulọ́ọ̀kù. Ní ti àwọn Kéta, àwọ̀n gbọọrọ kan ṣoṣo ni gbogbo agbo wọn jọ ń fà. Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e yí omi ká, tọkùnrin tobìnrin á wá dúró létí omi, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á sì máa fà á bọ̀ wálẹ̀. Wọn kì í pín owó lójoojúmọ́. Ẹja ọbẹ̀ nìkan ni kálukú ń mú lọ sílé, ọ̀gá tó ni àwọ̀n ló ń tọ́jú owó títí àsìkò ẹja yóò fi parí. Bí wọ́n bá pín in tán, Gáná ló ń lọ tààrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé sí. Ẹni tí ẹ rí tó ń sùn lórí ẹní níbí, ó ṣeé ṣe kó ní ilé tó ní yàrá púpọ̀ létí omi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Ìyá Yáwà ló là mí lójú sí èyí. Obìnrin Kéta ni, ẹgbẹ́ mi ni, ààrò rẹ̀ àti tèmi kọjú síra wọn. A jọ ń pín iyọ̀ àti igi ìdáná, a sì jọ ń jà lórí rẹ̀. Ó gbọ́ Ègùn bí ẹni tí wọ́n fi bọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ Yorùbá, á fi Ègùn díẹ̀ lú u, á fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, á wá ní kí n bá òun parí rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé pẹ̀lú gbogbo làálàá rẹ̀, kí ló dé tí kò fi sìmẹ́ǹtì mọ ògiri kan péré kí ojú lè gbà á. Ó ní jonọ ni òun, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe àlejò. Ó ní jonọ tó bá kọ́lé tí kò ṣeé ká nílẹ̀ onílẹ̀, onílẹ̀ ló kọ́ ọ fún. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Fẹ́mi, ó ní ẹni tí kò ní ilé níbi tó ń gbé kò ní gbòǹgbò, ó sì ní kí n má jẹ́ kí obìnrin náà fi òṣì kó èèràn ràn mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá ẹ̀yìn.

Bàbá, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí epo pẹtiróòlù di ohun tí èèyàn ń gbàdúrà kó tó rà, ọkọ̀ tiwa ló kọ́kọ́ dúró. Àwọn ọkùnrin wa ń jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń wo àwọn Kéta bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n lọ, torí apá ni àwọn fi ń fà á, epo tí wọ́n nílò kò tó nǹkan. Mo sọ lọ́kàn mi pé ayé ti yí nìyẹn, pé ilé imọ̀ máa tó borí ilé bulọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ irin ńláńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun ń sún mọ́ etí ilẹ̀ sí i. Wọ́n ń gbá ilẹ̀ òkun bí ẹni ń gbá àgbàlá. Àwọ̀n àwọn Kéta bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko, ọ̀rá, àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan wálẹ̀. Ẹja tí wọ́n sì rí, owó rẹ̀ tó bá dé ẹnubodè tí wọ́n ṣẹ́ náírà sí owó Gáná, ńṣe ló máa ń yọ́ bí ọṣẹ inú omi. Àwa tí a kò rí epo àti àwọn tí kò rí ẹja wá jọ wà létí omi, a ń fi ojú díwọ̀n ara wa. Àwa ń jẹ ẹ̀bà láìsí ẹja, àwọn ń jẹ kẹ́nkẹ́ àgbàdo wọn láìsí ẹja. Ẹni tó bá lè sọ èyí tó sàn nínú méjèèjì, kó wá sọ ọ́.

Ìyẹn ṣì jẹ́ ìyà tí a mọ orúkọ rẹ̀. Èyí tó wá dé lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹbí Ègùn kan láàárín ìlú ló ni gbogbo iyanrìn yìí, àwọn ni wọ́n gba àwọn baba wa àti àwọn baba Kéta sílé. Ẹ sì mọ àṣà tí àwọn èèyàn wa kò fi ṣeré. Lọ́dọọdún, bí ẹja àkọ́pa bá ti dé, àwọn àgbà wa á wọ funfun, wọ́n á gbé ọtí sódabì àti agbọ̀n ẹja àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e lọ fún olórí ẹbí náà. Á ta á sílẹ̀, á súre, á mu ún. Wọn kò jẹ́ kí ọdún kan fò rí. Ní ọdún tí ọkọ̀ dà nù tí gbogbo ilé ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n gbé e lọ. Ní ọdún tí òkun kò bí ẹja kankan, wọ́n lọ ra ẹja ní Àjárà, wọ́n tún gbé e lọ. Ní ti àwọn Kéta, bí wọ́n bá rí ẹja wọ́n á lọ, bí wọn ò bá rí, wọ́n á jókòó. Àwọn àgbà wa a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó bi olúkúlùkù pé báwo ló ṣe ní iyanrìn, pé ọjọ́ yẹn ni àwọn Kéta máa mọ̀ pé ọtí tí wọn ò gbé ni yóò lé wọn.

Ọjọ́ náà dé. Olórí ẹbí kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta gbogbo etíkun láti ọ̀dọ̀ tiwa dé ọ̀dọ̀ àwọn Kéta fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ibi ìgbafẹ́ fún àwọn olówó. Wọ́n pe gbogbo wa sípàdé lábẹ́ kánópì. Àwọn èèyàn wa lọ bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Wọ́n ti bá baba ọkọ mi sọ̀rọ̀ pé kí Bàbá bá wa sọ ọ́, nítorí kò sí àgbà láàyè tó ti gbé ọtí lọ tó wọn. Bàbá fi ọ̀pá wọn ti ilẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gbọ́n, kò sí ọdún kan tí ọtí àti ẹja Ìlàjẹ kò dé ilé onílẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnì kan nínú ẹbí bá wà tó lè ní irọ́ ni, kó dìde. Àwọn àgbà ẹbí ń mi orí, wọ́n ń sọ lédè Ègùn pé òótọ́ ni, òótọ́ ni. Àwọn èèyàn wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi gbóná.

Lọ́yà àwọn tó ra ilẹ̀ náà dìde. Ọmọ kékeré ni, ó ní ìwà, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá kó tó la ẹnu. Ó ní jọ̀ọ́, kí Bàbá bá òun tún un sọ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, pé ṣé lọ́dọọdún ni. Bàbá ní lọ́dọọdún, láìyẹ̀. Ó ní ẹ ṣé, Bàbá. Ó wá yíjú sí gbogbo ìjókòó, ó ṣàlàyé fún wa pé ohun tí àlejò bá ń gbé lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún ni à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun ti rò pé òun máa fi gbogbo ọjọ́ náà wá ẹ̀rí pé àlejò ni wá, ṣùgbọ́n Bàbá ti ran òun lọ́wọ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Bàbá mi, a ṣì na ọwọ́ tí a fi ń pàtẹ́wọ́. Baba ọkọ mi kò tètè jókòó. Wọ́n dúró bí ẹni tó wọ yàrá tó sì gbàgbé ohun tó wá mú. Ohun tí a fi ń yangàn láti ìran dé ìran, ọtí tí a gbé lọ nígbà tí ebi ń pa wá pàápàá, òun ló ń sọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún pé a kò ní ilẹ̀. Àwa fúnra wa la gbé e lérí lọ.

Mo rò pé ó máa wá ṣe àwọn Kéta lóore pé wọn kò gbé tiwọn déédéé. Àgbà wọn dìde, kò mẹ́nu ba ọtí rárá. Ó ní ibi tí wọ́n sin baba baba òun sí nìyí. Ṣùgbọ́n kó tó sọ gbólóhùn kejì, ẹnì kan láàárín èrò bi í lédè Ègùn pé kí ni ará Gáná ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì jókòó. Àwọn tó ra ilẹ̀ wá ní ẹni tí ilé rẹ̀ bá ṣeé tú, kó tú u. Wọ́n ní èyí tí kò bá ṣeé tú, katapílà máa bá wọn tú u, àti pé wọn kì í san owó ilé fún ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn Kéta kò dúró kí wọ́n lé wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Wọ́n ká ògiri, wọ́n di òpó, wọ́n kó àwọ̀n sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé, ó ti ku iyanrìn nìkan níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gbá a kí wọ́n tó lọ. Àwọn èèyàn wa dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí kálukú yíjú padà wo ògiri tirẹ̀. Ta ló lè ká bulọ́ọ̀kù? Ìyá Yáwà wá dágbére fún mi, ó di ẹ̀yìn ọrùn mi mú, a sunkún, kò sì rán mi létí ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́sí. Ìwà rẹ̀ dára jù mí lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lè pa á mọ́ra.

Ẹ má wá rò pé àwọn ló jàre ayé. Ìyá Yáwà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi nígbà tó délé. Ilé tó fi owó àwọ̀n gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kọ́ létí omi ilẹ̀ wọn, òkun ti wọ pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń sùn nínú kíláàsì ilé ìwé kan, òun àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé igi àgbọn tó wà láàárín ààrò wa ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ó wà. Ẹni tó kó owó rẹ̀ lọ sílé, òkun mú un nílé. Ẹni tó kó owó rẹ̀ sí àjò, onílẹ̀ mú un ní àjò. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó pa òwe yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orí òkè ló ń gbé.

Ibi tí a wà nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ti kó lọ sí Ọ̀tọ̀ àti Ọjọ́, ìdílé kan nínú yàrá kan. Ẹni tó ní ọkọ̀ lánàá ń ṣọ́ géètì fún ọmọ tó lè bí lónìí. Fẹ́mi, ọmọ-ọmọ yín, wà ní Ọ̀tọ̀ níbi tó ti ń mọ bulọ́ọ̀kù fún àwọn tó ní ilẹ̀. Baba ọkọ mi kò jáde mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn, wọ́n á bi mí pé ṣé ó yẹ kí àwọn ti parọ́ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a kì í kún ìjókòó iwájú, ohùn wa kò sì tó orin.

Bàbá Fẹ́mi ní tirẹ̀ ń kun ọ̀dà. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì wíwó ilé sára ògiri iwájú wa, ó lọ ra ọ̀dà funfun, ó kun ún bò. Wọ́n tún wá kọ ọ́, ó tún kun ún. Ó ní èèyàn ló ń wa katapílà, pé bó bá rí ilé tó mọ́ tónítóní, ọwọ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó máa ń pariwo láti ojú òkun kí n lè mọ̀ pé ó ti dé, kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò bá ní búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo ń bá a di àkàbà mú. Bí mo bá yíjú síbi ààrò, kò sí ẹni tó kọjú sí mi tí mo lè bá jà lórí igi ìdáná. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ló kù létí òkun.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má ta ọkọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ọmọ yín ní kí ẹ má tà á. Ilé tí ẹ ń rò pé ẹ ń bọ̀ wá gbé, mi ò mọ̀ bóyá yóò ṣì dúró nígbà tí ìwé ìròyìn yìí bá fi máa dé ọwọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí wá ni kí ẹ ṣe, ẹ̀yin àti Màmá. Mi ò mọ̀. Mo ti rò ó títí. Ìran wa àti ti Kéta, ẹni tó gbọ́n àti ẹni tó rò pé òun gbọ́n, mo ti wo ẹ̀yìn gbogbo wa, mi ò rí ibi tí mo lè nawọ́ sí kí n ní kí ẹ máa lọ.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bi yín, ojú sì ń tì mí. Yàrá tí mo máa ń sùn sí kí n tó lọ́kọ, èyí tó wà lódìkejì sí ilé ìdáná, ṣé omi kò tíì dé ibẹ̀? Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kó má kó ẹrù sí i. Èmi àti àwọn ọmọ la fẹ́ máa bọ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ta ọkọ̀ náà, torí lọ́jọ́ tí omi bá wọ yàrá yẹn, inú ọkọ̀ ni gbogbo wa máa wà.

Kí Ọlọ́run fún Màmá ní ẹsẹ̀ tó lè gùnkè. Kí ó bá wa dá òkun dúró, bí kò bá sì ní dá a dúró, kí ó ní kó rọra máa bọ̀. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí àwọn ará ojúlé tó ti kó lọ àti àwọn tí kò tíì rí ibi kó lọ, ẹ dárúkọ mi fún gbogbo wọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ́wùnmí